Ọdẹ tó bá kọ̀ǹpútà wá: ṣé ó tó ṣọ́lé?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, gbogbo wọn lórí Defender, áńtífáírọ́ọ̀sì tí Microsoft fi sínú Windows láti máa ṣọ́ ọ bí ọdẹ. Èyí àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ tí mo kà á, òun ni mo sì fún láyè jù.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la fi ń ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe wá fi CorelDRAW sí ọ̀kan nínú wọn, torí a fẹ́ máa ṣe káàdì ìgbéyàwó. Ó ní Defender tó wà nínú Windows kò ní gbà kó wọlé, ó bá pa á. Ó parí iṣẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, orúkọ gbogbo fáìlì wa ti yí padà, wọn kò ṣí mọ́. Ìwé kan wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan, _readme.txt lorúkọ rẹ̀. Ó ní ká san 980 dọ́là, tàbí 490 tí a bá tètè kàn sí wọn kí wákàtí 72 tó pé. Prójẹ́ẹ̀tì ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn sì máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Ìbejì ní Defender kò wúlò, àfi ká ra áńtífáírọ́ọ̀sì gidi. Ọmọkùnrin yẹn kan náà ló tún fẹ́ gba ₦15,000 láti fi òmíràn sí i. Ṣé ká sanwó fáwọn olè yìí? Ṣé ká ra èyí tí ọmọ yẹn ń tà?
— Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Defender sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ gbọ́ ti iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ajínigbé ni wọ́n. Fáìlì ni wọ́n jí dípò èèyàn, ẹni tó bá sì sanwó fún wọn kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó fi dá a lójú pé wọ́n máa tú u sílẹ̀. Orúkọ ìwé yẹn, 980 àti 490 dọ́là yẹn, àti wákàtí 72, gbogbo wọn ni mo fi mọ ìdílé tí fáírọ́ọ̀sì náà ti wá. STOP ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Djvu. Láti 2018 ló ti ń jà kiri, inú kíráàkì, ìyẹn sọ́fítíwià olówó tí wọ́n jí ṣí lọ́fẹ̀ẹ́, ló sì ń gbé, gẹ́gẹ́ bí idin ṣe ń gbé inú ẹran tó ti rà. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kì í wá ilé-iṣẹ́ olówó ńlá kiri. Irú àwa báyìí, tí a ń wá sọ́fítíwià ọ̀fẹ́, ni wọ́n ń dẹ pàkúté fún.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì má fi fúláàṣì kankan sí i mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ nù láti tún Windows mìíràn fi sí i, bó ti wù kó yá wọn lára tó. Ẹ tan Defender padà, kí ó kọ́kọ́ pa fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀, torí bó bá ṣì wà láàyè, fáìlì tí ẹ bá tún gbé síbẹ̀ ló máa tún tì pa. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo fáìlì tó ti tì, pẹ̀lú ìwé _readme náà, sórí háàdì dísìkì kan, ẹ gbé e pamọ́. Kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀rọ mìíràn lọ sí ìkànnì No More Ransom. Àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè Netherlands, Europol (àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù) àti ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà méjì ló dá a sílẹ̀ ní 2016, ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, Emsisoft, náà ti ṣe irinṣẹ́ kan fún ìdílé fáírọ́ọ̀sì yìí gan-an, òun náà kì í gba owó.

Mi ò fẹ́ tàn yín: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irinṣẹ́ yẹn ń ṣí. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì yìí bá wọlé, ó máa ń ké sí ọ̀gá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè gba kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti ẹ̀rọ yín nìkan. Bí kò bá rí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, bóyá torí pé dátà ti tán lákòókò yẹn, kọ́kọ́rọ́ tó gbé sápò wá látilé ló máa lò, ọ̀kan náà ló sì máa ń lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ wo nọ́ńbà gígùn tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Bó bá jẹ́ pé t1 ló fi parí, kọ́kọ́rọ́ inú àpò ló lò, ìrètí sì wà pé irinṣẹ́ yẹn á ṣí i, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lónìí. Bí kì í bá ṣe t1, ẹ ṣì gbé háàdì dísìkì yẹn pamọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ohun mìíràn tún wà: ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì nìkan, bíi kìlóbáìtì 150, ni fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń bàjẹ́ kó lè tètè ṣe tán. Fáìlì Word kékeré ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní ZIP ńlá (fáìlì tí wọ́n di ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ sínú rẹ̀), ẹ gbìyànjú láti tú u, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó wà níwájú pátápátá nìkan ló bàjẹ́.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ pe àwọn ọmọ mọ́kànlá náà lónìí, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ̀ lónìí á wá inú ímeèlì rẹ̀, á wá inú WhatsApp tó fi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀, á wo fúláàṣì tó jù sínú báàgì. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì tí kò fi orí kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ rí. Èyí tí wọn ò bá rí, bó bá wà lórí ìwé, ẹ jókòó bá wọn tẹ̀ ẹ́, ẹ má gba owó. Àwọn méjì tó ń dúró lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.

Kẹ́ ẹ sì fi fóònù yín yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti fi ẹ̀rọ yẹn lò padà, ti báńkì, ti ímeèlì, ti Facebook ṣọ́ọ̀bù. Ìdílé fáírọ́ọ̀sì yìí sábà máa ń mú jagùdà kan dání tí í kó páásíwọ́ọ̀dù lọ kó tó di pé ilẹ̀kùn tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í mọ ìyẹn, wọ́n á máa sunkún fáìlì títí tí owó á fi lọ.

Ó wá ku ti Bàbá Ìbejì. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ọdẹ tí wọ́n dè lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa bi pé níbo ló wà nígbà tí olè wọlé. Defender rí olè yẹn. Ó tilẹ̀ pariwo! Ariwo rẹ̀ gan-an ni ọmọkùnrin yẹn gbọ́ tó fi ní kò ní jẹ́ kí CorelDRAW wọlé. Ohun tí ọmọ náà pè ní ìdíwọ́, ìkìlọ̀ ni.

Èmi náà ti dè ọdẹ yìí fún oníbàárà rí. Mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agbówó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, láti 2004. Ní 2019, tíṣà kan gbé láptọ́ọ̀pù wá pé kí n fi Office sí i. Kò ní owó tí wọ́n fi ń ra ojúlówó, èmi náà kò sì fẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Mo pa Defender, mo fi ohun tí wọ́n ń pè ní activator ṣí Office náà, mo gbà ₦2,000. Ó padà wá ní ọjọ́ kẹjọ. Èsì ìdánwò kíláàsì mẹ́ta ti tì pa, ìyẹn ṣeé tún kọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ohùn ìyá náà tó gbà sílẹ̀ níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wọn. Kò ní ẹ̀dà mìíràn. Kò bú mi. Ó jókòó lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó wolẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ó dìde, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn mi ò pa Defender fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹni tó bá ní dandan ni kí n pa á, mo ń jẹ́ kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Kí ni ọdẹ yìí, kí ló sì lè ṣe? Nígbà tí orúkọ náà kọ́kọ́ bá Windows Vista jáde ní 2007, àwọn sọ́fítíwià amí nìkan ló ń lé, kò mọ fáírọ́ọ̀sì mú. Ìgbà Windows 8, ní 2012, ló di áńtífáírọ́ọ̀sì gidi. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń dán irú nǹkan yìí wò kì í kà á sí, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé Defender kò wúlò ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ títí dòní. Ó ti yí padà. Ilé-iṣẹ́ AV-TEST tó wà ní Magdeburg, nílẹ̀ Jámánì, máa ń fún áńtífáírọ́ọ̀sì ní máàkì lórí 18. Defender ti ń gba 18 yẹn lọ́pọ̀ ìgbà báyìí, ó ń jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Ó ti wà nínú Windows tí ẹ rà, kò ní ọjọ́ tí yóò ní kí ẹ wá tún owó san.

Ọ̀nà mẹ́ta ló fi ń mọ olè. Ó ní àkọsílẹ̀ ojú àwọn olè tí wọ́n ti mú rí, ó sì ń fi ojú fáìlì kọ̀ọ̀kan wé e. Ó tún ń wo ìwà: fáìlì tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ ọgọ́rùn-ún fáìlì padà láàárín ìṣẹ́jú kan, kò dìgbà tó bá mọ ojú rẹ̀ kó tó dì í mú. Ẹ̀kẹta ni pé bó bá rí àjèjì tí kò dá lójú, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ mọ ẹni yìí?

Ọ̀nà kẹta yìí ló kan àwa tí a ń ra dátà. Ilé-iṣẹ́ AV-Comparatives ní Innsbruck, nílẹ̀ Austria, máa ń dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà àti nígbà tí kò sí. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ó dára gan-an. Nígbà tí kò sí, agbára rẹ̀ ń já wálẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa: ẹ̀rọ tí a kì í fi sórí dátà lójúmọ́ kí owó má bàa lọ, òun náà ni fúláàṣì ogójì ń wọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọdẹ yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bi léèrè, àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sì ti di ti oṣù méjì sẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ tan dátà fún un láràárọ̀, bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kí àkọsílẹ̀ tuntun wọlé kí fúláàṣì àkọ́kọ́ tó dé. Kò sí iye dátà tó lọ síbẹ̀ tó tó owó ìwé A4 tí ẹ ń rà.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ òní. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Exclusions sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tí ọdẹ kò gbọdọ̀ yẹ̀ wò. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ń kọ odidi C: síbẹ̀ kí kíráàkì wọn má bàa kú, fáírọ́ọ̀sì mìíràn náà sì máa ń fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Defender á máa fi àmì aláwọ̀ ewé hàn yín pé ohun gbogbo dára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé kí ó má wo inú yàrá kankan. Mo ti rí èyí ju ohun tí mo lè kà lọ. Ẹ pa gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ rẹ́.

Nítòsí ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí Controlled folder access. Láti 2017 ló ti wà nínú Windows, pípa ló sì wà bí ẹnikẹ́ni kò bá tan án. Bí ẹ bá tan án, sọ́fítíwià tí kò mọ̀ kò ní lè fọwọ́ kan Documents àti Pictures yín. Á dà yín láàmú díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí àwọn sọ́fítíwià kan wà tí ẹ máa ní láti fún láṣẹ. Ẹ fara dà á. Kẹ́ ẹ sì ṣe àkáǹtì tí kì í ṣe ti ọ̀gá fún àwọn ọmọ tó ń bá yín tẹ̀wé, kí páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan. Ọmọ tí kò ní àṣẹ láti pa Defender kò ní lè pa á, bí wọ́n ti wù kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tó.

Ibi tí agbára rẹ̀ dé náà nìyẹn. Ẹni tó ni ilé lágbára ju ọdẹ lọ: bí onílé bá ní kí ó lọ sùn, á lọ sùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníkíráàkì fi máa ń kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí a kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń fi páásíwọ́ọ̀dù ti ZIP wọn pa kí ọdẹ má bàa rí inú rẹ̀. Kò tún lè mú ẹni tí kò gbé fáírọ́ọ̀sì dání. Ẹni tó bá kọ ímeèlì sí yín ní orúkọ oníbàárà yín pé òun ti yí nọ́ńbà àkáǹtì padà, ọ̀rọ̀ lásán ló fi jalè, kò sí fáìlì kankan tí Defender fẹ́ mú níbẹ̀. Kò sì lè dá fáìlì tó ti lọ padà. Iṣẹ́ ẹ̀dà nìyẹn.

Torí náà, ẹ má fún ọmọkùnrin yẹn ní ₦15,000. Bí áńtífáírọ́ọ̀sì tiẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, bó bá ti wọlé ni Defender á gbé ibọn sílẹ̀ fún un, torí wọn kì í jẹ́ méjì lẹ́nu ọ̀nà kan. Bó bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n fi kíráàkì ṣí (kí ẹ sì bi í dáadáa o), olè lẹ fi ṣọ́dẹ. Mi ò sọ pé àwọn tó ń sanwó fún áńtífáírọ́ọ̀sì ń ṣòfò. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà nílò ẹni tó máa jókòó ní ibì kan tí yóò máa rí gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní Under G kò nílò ìyẹn. Owó yẹn, ẹ fi kún owó háàdì dísìkì. Ẹ máa da iṣẹ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó lọlé. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ, òun náà ni ajínigbé á tì pa. Fún káàdì ìgbéyàwó, ẹ gbìyànjú Inkscape. Ọ̀fẹ́ ni, ó bófin mu, ó sì ń ṣí fáìlì CorelDRAW, bí kò tilẹ̀ bá a mu tán.

Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti rí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá t1 ni.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ sà. HP EliteBook 840 G3 ni mò ń lò, tòkunbọ̀ tí mo rà ní 2022. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní Microsoft ti dẹ́kun iṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Defender mi ṣì ń gba àpúdéètì lójoojúmọ́. Ṣé kò sí wàhálà nígbà náà? — Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Àbúrò, wàhálà wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ọ̀tọ̀ ni àkọsílẹ̀ ojú olè, ọ̀tọ̀ ni ògiri ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dẹ́kun dídí ihò ara ògiri Windows 10 lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Àkọsílẹ̀ Defender ni wọ́n ní àwọn á ṣì máa fi ránṣẹ́ títí di 2028. Ọdẹ rẹ ṣì ń ríran, àmọ́ bí ògiri bá lanu, aláǹgbá á ráyè wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry jà ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ní England, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ń dá aláìsàn padà sílé. Kò sí ẹni tó tẹ ohunkóhun, kò sí ẹni tó ṣí ímeèlì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ẹ̀rọ kan ló ń wọ èkejì, gba inú ihò kan lára Windows. Microsoft sì ti gbé ohun tí a fi ń dí ihò yẹn jáde ní oṣù kẹta ọdún náà, oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tó dí i kò mọ̀ pé ogun kọjá. Ohun tí mò ń bẹ̀rù fún gbogbo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó kún ilẹ̀ wa nìyẹn.

G3 rẹ kò lè gba Windows 11 lọ́nà tó bófin mu, ọkàn rẹ̀ (processor) jẹ́ ti Intel ìran kẹfà, ìran kẹjọ ni Microsoft sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá tún máa ra tòkunbọ̀, G5 tó ní Intel ìran kẹjọ ni kí o béèrè, má ṣe gba G4, bí ẹni tó ń tà á bá tiẹ̀ ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní báyìí ná, lọ sí Windows Update lórí ẹ̀rọ rẹ, wo bóyá ó ń fún ọ láyè láti wọ ètò tí wọ́n ń pè ní ESU. Yóò máa bá ọ dí ihò títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Bí o bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tí o sì jẹ́ kí ó pa ètò ẹ̀rọ rẹ mọ́ sọ́dọ̀ wọn, ó lè má gba owó lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bí owó kò bá tíì sí, fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò dípò Windows, sí i. Iṣẹ́ kíkọ àti ìwé kíkà ni tìrẹ, á gbé e láìmikàn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, mo ń wá ìwé orin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Ìkànnì kan ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí, kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì: kí n tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kí n tẹ Ctrl pẹ̀lú V, kí n wá tẹ Enter. Mo ṣe é. Nǹkan dúdú kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó sì parẹ́. Defender kò sọ nǹkan kan. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? — Díákónì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN

Ẹ má fọkàn balẹ̀, bàbá. Ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ yẹn kíákíá, kẹ́ ẹ tó wá ka èyí tó kù.

Ìkànnì yẹn ti fi àṣẹ kan sí yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i, Ctrl pẹ̀lú V ni ẹ fi gbé e kalẹ̀, Enter ni ẹ fi buwọ́ lù ú. Nígbà míì Defender máa ń dá irú rẹ̀ dúró, nígbà míì kì í lè dá a dúró, torí ọwọ́ onílé ló ti wá. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń kó páásíwọ́ọ̀dù ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Lumma, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún 2025 nìkan, Microsoft rí i lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 394,000 káàkiri ayé. Kì í ti fáìlì, kì í béèrè owó. Ó ń kó páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti jẹ́ kí Chrome bá yín rántí, ó sì ń kó àmì tí Gmail àti Facebook fi ń mọ̀ pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú àmì yẹn, ẹni náà á wọlé láìbéèrè páásíwọ́ọ̀dù rárá. Torí náà, yíyí páásíwọ́ọ̀dù nìkan kò tó. Ẹ fi fóònù yín wọ Gmail, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Facebook. Ẹ pe báńkì yín lórí fóònù. Bí àkáǹtì ìjọ bá wà lórí ẹ̀rọ yẹn, ẹ sọ fún akápò lónìí, ẹ má dúró di ọjọ́ Sunday.

Nígbà tí ìyẹn bá ti parí, ẹ ṣí Windows Security lórí ẹ̀rọ náà, ẹ lọ sí Scan options, ẹ mú Microsoft Defender Offline scan. Ẹ̀rọ náà á pa, á tún tan, Defender á sì yẹ inú rẹ̀ wò kí Windows tó jí, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kò tíì ráyè fara pamọ́. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí iná, ẹ má pa á láàárín, bí NEPA bá sì fẹ́ mú iná lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.